Ọjọ́ Wo Gan-an Ni Ọdún Náà Bọ́ Sí? Àlàyé fún Ẹni Tó Fẹ́ Lọ Wo Ọdún Nílẹ̀ Òkèèrè

Nínú èdè wa, ọ̀rọ̀ kan náà là ń pe ayẹyẹ, òun náà là ń pe oṣù méjìlá: ọdún. À ń ṣọdún Iléyá, a sì ń sọ pé ọdún 2026. Àwọn àgbà ò ṣèèṣì bẹ́ẹ̀. Nígbà tí kò tíì sí kàlẹ́ńdà lára ògiri, ìgbà tí ìlú bá jẹ iṣu tuntun, tí egúngún bá jáde, ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ọdún ti yípo. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí máa ń da nǹkan rú fún ẹni tó fẹ́ wọ bàálù lọ wo ọdún àwọn ẹlòmíràn. Á rò pé nígbà tó jẹ́ pé ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe é, ọjọ́ kan náà ni yóò máa bọ́ sí. Á wo ọjọ́ tí wọ́n ṣe é ní èṣí lórí fóònù, á fi owó tó ti ń tọ́jú láti ọdún méjì ra tíkẹ́ẹ̀tì, á gbéra láti Kàbà tàbí Ìsánlú, á gúnlẹ̀ sí Rio de Janeiro, á sì bá àwọn agbálẹ̀ títì lẹ́nu iṣẹ́. Kánífà ti lọ.

Ohun tó ń fa èyí ni pé ìṣirò tí ayé fi ń ka ọjọ́ ọdún kò dọ́gba. Ọ̀kan ń tẹ̀lé oòrùn, ọ̀kan ń tẹ̀lé òṣùpá, ọ̀kan ń tẹ̀lé ọjọ́ ọ̀sẹ̀, òmíràn sì wà lẹ́nu àwọn àwòrò. Bí ẹ bá ti mọ èyí tí ọdún tí ẹ fẹ́ lọ wò ń tẹ̀lé, ìdajì iṣẹ́ ti parí.

Àwọn tó rọrùn jù ni àwọn tó lẹ̀ mọ́ ọjọ́ kan nínú oṣù. Ọjọ́ 2 oṣù Kejì ni ọdún Yemọja ní Salvador, ìpínlẹ̀ Bahia, ní Brazil. Iemanjá ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Àdúgbò Rio Vermelho ni wọ́n ti ń ṣe é: láti ìdájí ni èrò ti ń tò pẹ̀lú òdòdó, lọ́fínńdà, dígí àti ìyarun, tí wọ́n ń kó wọn sínú apẹ̀rẹ̀, títí àwọn apẹja yóò fi kó apẹ̀rẹ̀ wọ ọkọ̀ lọ sójú òkun lọ́sàn-án. Aṣọ funfun àti búlúù ló gba ibẹ̀ kan. Nínú gbogbo ọdún tí a máa dárúkọ, èyí ni a rò pé ó yẹ kí Yorùbá tó bá ní agbára rí lẹ́ẹ̀kan láyé rẹ̀, torí orúkọ òrìṣà tí àwọn baba wa kó rékọjá òkun ni ẹ óò máa gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ ẹni tí kò gbọ́ èdè wa mọ́. Ọjọ́ 13 sí 15 oṣù Kẹrin ni Songkran, tí wọ́n ti ń da omi síra wọn lára ní Thailand. Ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà ni Inti Raymi, ọdún oòrùn àwọn Inca, ní Cusco, ní Peru. Ọjọ́ 1 àti 2 oṣù Kọkànlá ni ọdún àwọn òkú ní Mexico. Àwọn wọ̀nyí kì í yẹ̀. Timkat, ọdún ìrìbọmi àwọn Kristẹni Ethiopia, fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lára wọn: ọjọ́ 19 oṣù Kìíní ni, àfi tí ó bá jẹ́ ọdún tí oṣù Kejì ní ọjọ́ 29, bíi 2028, tí yóò bọ́ sí ọjọ́ 20. Kàlẹ́ńdà tiwọn ló ń fi ọjọ́ kan kún ìparí ọdún wọn ṣáájú tiwa.

Àwọn kan ń tẹ̀lé ọjọ́ ọ̀sẹ̀. Ọdún àwọn ẹlẹ́sìn Vodun ní Ouidah, ní orílẹ̀-èdè Benin, tó máa ń jẹ́ ọjọ́ 10 oṣù Kìíní tẹ́lẹ̀, ti wà lára wọn báyìí: ọjọ́ Ẹtì kejì oṣù náà àti Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú rẹ̀ ni. La Tomatina, tí wọ́n ti ń sọ tòmátì lu ara wọn ní ìlú Buñol ní Spain, Ọjọ́rú tó kẹ́yìn oṣù Kẹjọ ni. Ní 2026, ọjọ́ 26 ni. Kánífà Notting Hill ní Lọ́ńdọ̀nù ń bọ́ sí ọjọ́ Ajé tó kẹ́yìn oṣù Kẹjọ, tí í ṣe ọjọ́ ìsinmi wọn, àti ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú rẹ̀. Èyí tó ń tan èèyàn jẹ jù ni Oktoberfest ti Munich ní Jámánì. Orúkọ oṣù Kẹwàá ló ń jẹ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀lé ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án ló ń bẹ̀rẹ̀. Ìgbéyàwó ọmọ ọba kan ní oṣù Kẹwàá ọdún 1810 ló bí i, wọ́n wá fà á síwájú kí òtútù má baà lé èrò wọlé. Ní 2026, ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án sí ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ni. Ẹni tó bá fi orúkọ rẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì sí àárín oṣù Kẹwàá yóò bá àwọn tó ń tú àgọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá dúró díẹ̀ nídìí Kánífà, torí ẹni tó bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nílẹ̀ wa ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ láìmọ̀. Ìjẹkújẹ-ìmukúmu ìkẹyìn kí ààwẹ̀ Lẹ́ǹtì tó bẹ̀rẹ̀ ni Kánífà. Nítorí náà, ọjọ́ tó ṣáájú Ọjọ́rú Eléérú ni ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí Kánífà ń parí, ní Rio, ní Trinidad àti ní New Orleans. Ọjọ́rú Eléérú fúnra rẹ̀, ọjọ́ 46 ló fi ṣáájú Àjíǹde. Àjíǹde sì ni ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé òṣùpá àrànmọ́jú tó bá kọ́kọ́ yọ láti ọjọ́ 21 oṣù Kẹta. Ìyẹn ni kò fi lè ṣáájú ọjọ́ 22 oṣù Kẹta, kò sì lè kọjá ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin. Ẹ wò ó bí ó ṣe ń sún: ní 2026, Àjíǹde bọ́ sí ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin, ọjọ́ ìkẹyìn Kánífà sì jẹ́ ọjọ́ 17 oṣù Kejì. Ní 2027, ọjọ́ 9 oṣù Kejì ni. Ní 2028, ọjọ́ 29 oṣù Kejì ni, ogúnjọ́ gbáko sí ti ọdún tó ṣáájú. Kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lára ògiri ilé yín ti sọ ọjọ́ náà tán. Ẹ wá Ọjọ́rú Eléérú lórí rẹ̀, kí ẹ sì yí padà sẹ́yìn.

Ti òṣùpá lásán ni àwọn ọdún Mùsùlùmí. Oṣù méjìlá tí òṣùpá fi ń yípo jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 354, ó sì fi bí ọjọ́ 11 dín sí ti oòrùn. Ìdí nìyẹn tí Iléyá fi ń sún síwájú lọ́dọọdún, tó fi ń bọ́ sínú òjò nígbà kan, tó tún ń bọ́ sínú ọyẹ́ nígbà mìíràn. Ọdún tó so mọ́ ọn lọ́nà tó gbayì jù nílẹ̀ Yorùbá ni Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ regbéregbé ti ń jó kọjá níwájú Awùjalẹ̀, tí àwọn ìdílé Balógun sì ń gun ẹṣin. Wọ́n á ní ijọ́ kẹta Iléyá ni. Ibí gan-an ni àṣìṣe ti ń wọlé. Ẹni tó ti jókòó sí kíláàsì pẹ́ yóò fi mẹ́ta kún ọjọ́ Iléyá. Ṣùgbọ́n bí àwọn baba wa ṣe ń ka ọjọ́ ni pé ọjọ́ tí a wà nínú rẹ̀ ni oókan. Ọjà ọlọ́rún-ún tí a bá ná lónìí ọjọ́ Ajé, ọjọ́ Ẹtì ni a óò tún ná an: Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, Ẹtì, ó di márùn-ún, bẹ́ẹ̀ òru mẹ́rin péré ló wà láàárín. Fídáù ọjọ́ kẹjọ náà, ọ̀sẹ̀ kan géérégé ni. Bẹ́ẹ̀ ni ti Ojúde Ọba: Iléyá 2025 jẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà, Ojúde Ọba wá jẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 8. Ẹni tó dé ní ọjọ́ 9 bá pápá ṣófo.

Fún 2027, ìṣirò gbé Iléyá sí nǹkan bí ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún, Ojúde Ọba yóò sì wà ní àyíká ọjọ́ 18. Àyíká ni a sọ, torí ojú ni wọ́n fi ń wá oṣù, Sultan Sokoto ni yóò sì kéde. Ẹ fi ọkàn sí ìyàtọ̀ yìí: ọjọ́ kẹwàá oṣù ni Iléyá, nítorí náà láti ìgbà tí oṣù bá ti lé, ẹ ti ní bí ọjọ́ mẹ́sàn-án láti múra. Ọjọ́ kìíní oṣù ni Ìtúnu Ààwẹ̀, alẹ́ àná rẹ̀ nìkan ni ẹ tó máa mọ̀ dájú. Ẹni tó bá fẹ́ wo ìgun-ẹṣin Dọ́bà ní Kano nígbà Ìtúnu gbọ́dọ̀ ti wà ní Kano kí oṣù tó lé. Bí kò bá fẹ́ irú ìdúródè bẹ́ẹ̀, kó dúró de ti Iléyá.

Àwọn ará China àti India náà ń tẹ̀lé òṣùpá, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kó sá lọ. Nígbà tí ó bá ti pẹ́ díẹ̀ tí òṣùpá ti ń dín, wọ́n á fi odidi oṣù kan kún ọdún láti dá a padà sí ipò rẹ̀. Ní China, oṣù méje ni wọ́n ń fi kún un láàárín ọdún 19. Ẹ wo ọdún tuntun wọn: ọjọ́ 17 oṣù Kejì ní 2026, ọjọ́ 6 oṣù Kejì ní 2027, ọjọ́ 26 oṣù Kìíní ní 2028, lẹ́yìn náà ó fò padà sí ọjọ́ 13 oṣù Kejì ní 2029. Ẹni tó bá wo ọdún méjì tó tẹ̀léra tó sì rò pé òun ti mọ bó ṣe ń rìn, ìfò yẹn ni yóò mú un. Díwálì, ọdún títan fìtílà ti India, náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: ogúnjọ́ oṣù Kẹwàá ni ọ̀pọ̀ ibi ṣe é ní 2025, ó sì fò sí ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá ní 2026, torí pé 2026 ni wọ́n fi oṣù kan kún. A ní ọ̀pọ̀ ibi, torí ní 2025 yẹn, ọ̀sán ọjọ́ 20 ni òkùnkùn oṣù tí wọ́n fi ń mọ ọjọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 21 ló parí, àwọn ìlú kan sì tan fìtílà tiwọn ní ọjọ́ kejì. Ìlú tí ẹ ń lọ gan-an ni kí ẹ bèèrè ọjọ́ rẹ̀. Ti orílẹ̀-èdè kò tó.

Ó ku àwọn tí kì í ṣe oòrùn, tí kì í ṣe òṣùpá. Ọjọ́ ìkẹyìn ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo, tí Arugbá yóò ru igbá lọ sí igbó Ọ̀ṣun, inú oṣù Kẹjọ ló máa ń wà, ṣùgbọ́n ààfin àti àwọn àwòrò ni yóò kéde rẹ̀. Ẹ má ṣe gba ti ojú ewé kankan tí kò ti ọ̀dọ̀ wọn wá. Àwọn Gà ní Accra ń ṣe Homowo, ọdún ìkórè wọn, ní àyíká oṣù Kẹjọ náà, ṣùgbọ́n fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọjọ́, láàárín oṣù Karùn-ún àti oṣù Kẹfà, èèwọ̀ ni ìlù àti ariwo nínú ìlú. Ẹni tó bá yára dé ní àkókò yẹn nítorí orin àti ìjó yóò bá ìdákẹ́jẹ́ẹ́.

Mímọ ọjọ́ tán kò tíì parí ọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ńlá máa ń gba ọjọ́ púpọ̀, ohun tí ẹ rí nínú fídíò sì lè jẹ́ ti ọjọ́ kan ṣoṣo nínú wọn. Ní Pamplona, ní Spain, ọ̀sán ọjọ́ 6 oṣù Keje ni San Fermín, ọdún tí àwọn èèyàn ti ń sáré níwájú màlúù, ń bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí màlúù lójú títì lọ́jọ́ náà. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ 7 ni wọ́n kọ́kọ́ ń tú wọn, wọ́n á sì máa tú wọn láràárọ̀ títí di ọjọ́ 14. Ọ̀nà náà kò ju nǹkan bíi mítà 875 lọ, ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta ni gbogbo rẹ̀ sì máa ń gbà. Bí ẹ kò bá ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà kí aago mẹ́fà ààbọ̀ tó lù, ẹ̀yìn orí ẹlòmíràn ni ẹ óò wò. Ẹ wò ó láti ẹ̀yìn ọgbà. Ẹ má sá níwájú màlúù. Ó ti pa èèyàn níbẹ̀.

Ní Rio, ẹgbẹ́ oníjó tó ga jù ń kọjá ní Sambadrome, pápá tí Oscar Niemeyer yàwòrán rẹ̀, tí wọ́n ṣí ní 1984. Láti 2025, òru mẹ́ta ni wọ́n pín wọn sí: ọjọ́ Àìkú, Ajé àti Ìṣẹ́gun. Ọjọ́ Ẹtì àti Àbámẹ́ta tó ṣáájú jẹ́ ti ẹgbẹ́ onípò kejì, tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì dínwó gan-an. Ẹni tí kò bá lè dé kí Ọjọ́rú Eléérú tó dé ṣì ní àǹfààní kan: ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀lé e, àwọn tó gbégbá orókè yóò tún padà wá jó. Ní Trinidad, ìdájí ọjọ́ Ajé ni J'ouvert, tí wọ́n ti ń fi ẹrẹ̀ àti ọ̀dà kun ara. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni aṣọ olówó iyebíye. Ọdún méjì nínú ọ̀kan ni. Ní Kyoto, ní Japan, gbogbo oṣù Keje ni Gion Matsuri, ṣùgbọ́n ọjọ́ 17 àti ọjọ́ 24 ni wọ́n ń fa àwọn kẹ̀kẹ́ gàgàrà náà kọjá láàárín ìlú.

Ohun mìíràn wà tí àwọn tó ń ta ìrìn àjò kì í sábà ṣàlàyé: àwọn ọdún kan jẹ́ ti inú ilé. Ẹ ronú àlejò tó bá wá sí Kàbà lọ́jọ́ Kérésì láti wá wo àríyá lójú títì. Ṣọ́ọ̀bù á ti pa, olúkúlùkù á wà nílé bàbá rẹ̀ nídìí iyán. Bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ kìíní ọdún tuntun ní China rí. Ilé oúnjẹ púpọ̀ ń tì, reluwé kún àkúnya fún ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, torí gbogbo ayé ń padà sílé. Ọjọ́ 15 oṣù wọn, ọdún fìtílà aláràbarà, ni ti ìta gbangba. Díwálì náà, orí òrùlé àti ẹnu ọ̀nà ilé ni wọ́n ń tan fìtílà sí. Àwòrán àtẹ̀gùn odò Ganges tó kún fún fìtílà ní Varanasi, tí gbogbo ènìyàn ń fi ránṣẹ́ síra wọn, kì í sábà jẹ́ ti Díwálì. Dev Deepavali ni, tó ń bọ̀ ní bí ọjọ́ 15 lẹ́yìn rẹ̀, nígbà tí òṣùpá bá di àrànmọ́jú.

Ní báyìí, ẹ ti mọ ọjọ́. Ìwé ló kù, ẹ sì gbọ́dọ̀ kà á sẹ́yìn láti ọjọ́ ọdún náà. Fún Spain, Jámánì àti àwọn tó bá wọn pín físà Schengen, ẹ lè fi ìwé sílẹ̀ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn àjò, kò sì gbọ́dọ̀ kù ju ọjọ́ 15 lọ. Ọjọ́ 15 ni ìdáhùn yẹ kó gbà, ṣùgbọ́n wọ́n láṣẹ láti fà á dé ọjọ́ 45, rírí ọjọ́ ìpàdé pàápàá sì lè gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. A ń gbà yín nímọ̀ràn oṣù márùn-ún. Páspọ́ọ̀tù yín gbọ́dọ̀ ṣì ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ óò kúrò lọ́dọ̀ wọn, kó ní ojú ewé méjì tó ṣófo, ìwé ìdánilójú ìtọ́jú àìsàn yín sì gbọ́dọ̀ tó 30,000 owó yúrò. Fún Gẹ̀ẹ́sì, oṣù mẹ́ta ṣáájú ni wọ́n tó ń gba ìwé. Àbújá tàbí Èkó ni ẹ ti máa tẹ̀ka. Ẹni tó ń bọ̀ láti Ẹ̀gbẹ̀ tàbí Mọ̀pà kò gbọdọ̀ gbéra láàárọ̀ ọjọ́ ìpàdé; ọkọ̀ àjàgbé kan tó bá ṣubú lójú ọ̀nà Ọ̀bàjánà tàbí Lọ́kọ́ja ti tó láti ba oṣù mẹ́rin jẹ́. Ẹ sùn sí Àbújá.

Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ń gba ọjọ́ mẹ́wàá kí káàdì rẹ̀ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. India ń bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń ti Nàìjíríà bọ̀, ẹnubodè Benin àti Ghana náà á bèèrè rẹ̀. Bí ẹ bá ń lọ sí Cusco fún Inti Raymi, ẹ dé ó kéré tán ọjọ́ méjì ṣáájú. Ìlú náà ga tó nǹkan bíi mítà 3,400, afẹ́fẹ́ rẹ̀ fẹ́lẹ́, orí fífọ́ àti èébì sì máa ń dá àlejò dùbúlẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Oṣù Kẹfà ni òtútù wọn, nítorí náà ẹ mú aṣọ òtútù. Fún ọdún olóṣùpá èyíkéyìí, ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì tó ṣeé yí padà, kí ẹ sì fi ọjọ́ méjì sílẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn. Owó tí ẹ óò fi kún un kò tó ti tíkẹ́ẹ̀tì tuntun. Ní Rio, ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì kì í gba àlejò alẹ́ kan nígbà Kánífà. Ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún pọ̀ ni wọ́n ń tà.

Ẹni tí kò bá tíì jáde kúrò ní Nàìjíríà rí, Ghana ni ká kọ́kọ́ rán an lọ. Kò gba físà: páspọ́ọ̀tù àti káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ti tó fún 90 ọjọ́. Ní Kumasi, ní ààfin Manhyia, Asantehene, ọba àwọn Asante, máa ń jókòó ní gbangba lọ́jọ́ Akwasidae, pẹ̀lú ìlù, agboorùn ńlá àti wúrà. Ọjọ́ Àìkú ni ní gbogbo ìgbà, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà-mẹ́fà ló sì ń padà, bí ọjà wa ṣe ń padà ní ọ̀rún-ọ̀rún. Adaduanan, ogójì ọjọ́, ni àwọn Àkán ń pe ìyípo náà, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ 42 ni. Ẹ gba ọjọ́ Akwasidae kan ṣoṣo lẹ́nu ẹni tó wà ní Kumasi, ẹ sàmì sí ọjọ́ Àìkú yẹn lórí kàlẹ́ńdà, kí ẹ wá máa ka ọ̀sẹ̀ mẹ́fà-mẹ́fà lọ títí ẹ óò fi kan èyí tó bọ́ sínú ìsinmi yín. Ẹ tún pè wọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, torí bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ ní ààfin, ètò ọjọ́ náà lè yí.